Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè dán ètò ìra-ṣíà yìí wò?

Ẹ̀yin àgbà ọjà ṣíà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òfin kan ni mo fi ń ra ṣíà ní NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà tó wà l'Ékòó: tí iye owó ṣíà bá gorí ìpíndọ́gba iye rẹ̀ láàárín 200 ọjọ́ tó kọjá, mo rà, tó bá já sábẹ́ rẹ̀, mo tà. Mo dán an wò pẹ̀lú dátà 2020 sí 2024, èrè rẹ̀ wuyì. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún yẹn ni ọjà fi gòkè. Ta ni kò ní jèrè?

Irú 2008 ló ń já mi láyà. Lóṣù kẹta, atọ́ka ọjà, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí iye gbogbo ṣíà ṣe ń lọ hàn, kọjá 66,000. Kí ọdún tó parí, ó ti já ju ìdajì lọ. Nírú àsìkò yẹn, èèyàn fẹ́ tà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà á máa ṣírò bí ẹni pé ó ti tà. Báwo lẹ ṣe ń fi ìyẹn sínú ìdánwò yín? Dátà mi kò tiẹ̀ ní ṣíà báǹkì bí Oceanic àti Intercontinental, tí kò sí mọ́.

Tí mo bá sì yí 200 sí 180, tí èrè pòórá, ṣé kí n kúkú da ètò náà nù?