Ọmọ tó ní ikọ́ fée àti ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè
Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti gbé ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi, ẹni ọdún 13, rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń gbé, tí ó wà lórí òkè tí ó ga tó 2,000 mítà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ju ti etí òkun lọ, ikọ́ fée sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òtútù. Ǹjẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń wà nírú ibẹ̀ lóru? Bí yìnyín bá dí ọ̀nà, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn dé ilé-ìwòsàn? Pápá ìṣeré kò kàn mí tó bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ṣé ọmọ tó dé láàárín ọdún tètè ń rí ọ̀rẹ́?