Àlàárì ìyá mi ti bu nínú wọ́dúróòbù: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná.

Mo fẹ́ yọ aṣọ tí mo máa wọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ni mo bá tú Ghana-must-go tó wà nísàlẹ̀ wọ́dúróòbù wa. Ìdí rẹ̀ pátápátá ni àlàárì ìyá mi wà, òfì (aṣọ òkè) pupa tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n sì fà lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó papò dà. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo gbogbo etí rẹ̀, ó ń rùn bí ilé tí wọn ò ṣí fèrèsé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Yàrá wa ò tóbi. Wọ́dúróòbù tí onílé kàn mọ́ ògiri ni, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, gíga rẹ̀ á tó 7. Balùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Irin kan ṣoṣo la fi ń kọ́ aṣọ níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi, tèmi, ti Àdùnní àti àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 2, ànkárá, léèsì, aṣọ ẹbí bíi 23, àti gèlè tí mi ò mọ iye wọn mọ́, ibẹ̀ náà la ń kì wọ́n bọ̀. Bí mo bá fa ọ̀kan, mẹ́ta á já lé mi lẹ́sẹ̀.

Ṣé àlàárì yìí ṣì ṣeé gbà là? Báwo ni mo ṣe máa to ìyókù tí irú èyí ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Aládùúgbò wa ní kí n da káńfọ̀ sí i. Mo ti ra páálí kan sílẹ̀, mi ò tíì ṣí i.

Ìyá Olófì, Ìṣẹ́yìn:

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, nu ojú ẹ. Àlàárì kì í kú bẹ́ẹ̀ yẹn. Má fi omi kàn án lónìí. Gbé e síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lábẹ́ ibòji, nítorí oòrùn gangan á ṣá pupa rẹ̀. Fi aṣọ bo imú ẹ, mú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, kó o máa fi gbá funfun yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, bí òwú ṣe na ni kó o ṣe máa gbá a lọ, ojú àti ẹ̀yìn. Má ha á. Jẹ́ kó wà níta títí di ìrọ̀lẹ́, kó o tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́túùnla. Bí àbàwọ́n bá ṣẹ́kù, ẹni tó mọ òfì fọ̀ ni kó o gbé e fún, má gbé e fún alágbàfọ̀ tó máa jù ú sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀rá ló ṣe é. Òfì ń mí, ọmọ mi. Ghana-must-go ò yàtọ̀ sí ọ̀rá. Òógùn ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ kẹ́yìn wà lára rẹ̀, kò ríbi jáde, òjò ọdún yìí wá kún un. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ìró funfun wé tiẹ̀ ni, á sì tò ó sínú àpótí pákó. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń tú u síta. Tó bá ń ká a padà, ibòmíràn ló ń ká a gbà, torí ojú ibi tá a bá ń ká nígbà gbogbo ni òwú ti ń já.

Má kọ́ òfì sórí háńgà o. Ó wúwo, èjìká rẹ̀ á fà, ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ mọ́ra á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹni tó bá ní sányán, irú òfì mìíràn, náà kó fetí sí i: ara kòkòrò ni òwú sányán ti jáde, kòkòrò mìíràn ló sì ń wá a jẹ. Ìdọ̀tí àti òógùn ló ń pè wọ́n wá. Tó o bá wọ òfì dé láti òde, má kó o pamọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ sórí àga kó sùn síta.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo:

Ìyá Àdùnní, mo fi Ọlọ́run bẹ yín, ẹ má ṣí páálí káńfọ̀ yẹn. Ẹ gbé e kúrò nílé lónìí. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní naphthalene ni wọ́n fi ṣe é. Ó máa ń yọ́ dà sínú afẹ́fẹ́, á sì wọ inú aṣọ. Àwọn ọmọ kan wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn ò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ọmọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí wọ́n fi aṣọ tí káńfọ̀ ti wọ̀ wé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́. Funfun ojú rẹ̀ á di rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á.

Wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ 9 kan wá nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ ìkókó tí ìyá àgbà ti fi káńfọ̀ pamọ́ láti ìgbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni kò sẹ́ni tó sùn nínú wa. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ẹ má sá a sí oòrùn, ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Kápẹ́ńtà, Mushin:

Ẹ kú àdúrótì aṣọ, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ògiri.

Mọ́mì Àdùnní, ẹ kó aṣọ jáde, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri tó wà lẹ́yìn wọ́dúróòbù, láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀. Bó bá tutù ju ògiri yòókù lọ, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ ń wú, páìpù ń jò. Pọ́lọ́mbà lẹ máa kọ́kọ́ pè. Ẹ ò ní tíì tún aṣọ tò kí omi tó tún dé.

Lẹ́yìn náà, irin kan ò tó nínú ohun tó ga tó ẹsẹ̀ 7. Ẹ ní kí wọ́n fi pákó pín inú rẹ̀ sí méjì. Lápá kan, kí irin wà ní ínǹṣì 80 àti 40 láti ìsàlẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì, bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ́ po á gba òkè àti ìsàlẹ̀. Lápá kejì, irin kan lókè fún gáùnù àti agbádá. Kí wọ́n gbé pákó ìsàlẹ̀ sókè ní ínǹṣì 4, kí wọ́n sì lu ihò sára ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ẹ má gbà kí wọ́n fi pákó tí wọ́n fi ẹ̀rúnrún igi tẹ̀ ṣe é. Ibi tó bá ti rí omi ló ti ń wú bíi búrẹ́dì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham, London:

Ọ̀rá tá a máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lèmi ń kó aṣọ sí níbí, torí yàrá wa ò tó nǹkan. Ẹrù kan á di pẹlẹbẹ, mo máa tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n má fi òfì sí i, ṣé lóòótọ́ ni?

Ìyá Olófì, Ìṣẹ́yìn:

Òótọ́ ni. Kó búláńkẹ́ẹ̀tì àti kóòtù òtútù sí i, kí wọ́n sì ti gbẹ kanrin. Òwú dídán inú òfì àti ti léèsì á ṣẹ́.

Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta:

Ìyá Àdùnní, ẹ yọ àdìrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára léèsì funfun, torí bí ọ̀rinrin bá kàn án, aró á ràn. Ẹ má po ṣítáàṣì sí aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ kó pamọ́; kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Gèlè kì í ṣe ohun à ń ká. Ẹ tọrọ páálí róbótó tí wọ́n fi ń wé aṣọ lọ́wọ́ aláṣọ, kẹ́ ẹ máa wé gèlè mọ́ ọn, mẹ́ta sórí ọ̀kan. Dípò káńfọ̀, ewé dóńgóyárò tó ti gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ni mò ń lò.

Ní ti aṣọ ẹbí 23 yẹn, àǹtí mi, ẹ ṣàánú ara yín. Èyí tí ìrántí rẹ̀ ṣe pàtàkì sí yín, ẹ mú u. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí télọ̀ gé e di aṣọ ìgbélé fún Àdùnní.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Káńfọ̀ ti kúrò nílé lọ́jọ́ tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kọ̀wé, mo sì fi ọ̀rọ̀ wọn han aládùúgbò wa, torí pé ó lóyún. Ògiri tutù lóòótọ́! Páìpù tó lọ sí ṣáwà ló ń jò, onílé ti tún un ṣe. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa fi irin mẹ́ta sí i bẹ́ ẹ ṣe wí, ọkọ mi ti ń rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìpè mí. Aṣọ ẹbí ku mẹ́jọ. Aṣọ ọmọ wà nínú ike tirẹ̀.

Àlàárì yẹn ti ń tàn padà. Ibì kan tí ò ju èékánná lọ ló ṣẹ́kù létí rẹ̀, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Olófì, mo fẹ́ ra ìró funfun tí mo máa fi wé e. Irú èwo ni kí n rà?

Ìyá Olófì, Ìṣẹ́yìn:

Má rà á, ọmọ mi. Tuntun ní ṣítáàṣì lára. Wá ti àtijọ́ nínú ẹrù ìyá ẹ, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi rọ̀.