Símẹ́sítà kan ní Bologna: ṣé kí n kó kọ́ọ̀sì kún un ni àbí kí n rọra ṣe?

Ọmọ_Ìtàn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti kàwé ní Bologna ní Ítálì rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n ti mú mi sínú ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, símẹ́sítà kan péré, láti September, ìtàn ni mò ń kà. Wọ́n ní kí n kọ àwọn kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ ṣe sínú Learning Agreement kí n fi ránṣẹ́, 30 kírẹ́dìtì ló sì wà fún símẹ́sítà kan lójú ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀, pé ìwé ni mo bá lọ, àmọ́ èmi ń wò ó pé kí wá ni mo fẹ́ rí nílùú tó ti wà kí àwọn ará Róòmù tó débẹ̀, tó bá jẹ́ inú láíbìrì ni mo máa wà látàárọ̀ dalẹ́? Ọ̀rọ̀ ilé náà tún wà ńbẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bi ló kàn ń mi orí. Wọ́n tún ní ẹnu ni wọ́n fi ń ṣèdánwò, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àtàbọ̀ kan tó máa gbé mi padà kí Kérésì tó dé, owó ẹ̀ ò ga, ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́n_Zamboni:
Àbúrò, fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ jàre! Kíláàsì símẹ́sítà àkọ́kọ́ ló máa ń parí ní December, ìdánwò ẹ̀ di January sí February. Tó o bá ti padà kí Kérésì tó dé, o kàn lọ gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ lásán ni, kò sí máàkì, kò sí kírẹ́dìtì. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ṣàánú àlejò kí wọ́n dán an wò ṣáájú àsìkò, ṣùgbọ́n àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́, má gbọ́kàn lé e.

Ìdánwò ẹnu yẹn ò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wàá forúkọ sílẹ̀ lórí AlmaEsami, ìkànnì ìdánwò yunifásítì yẹn, tọ́jọ́ bá pé gbogbo yín á jókòó, olùkọ́ á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ àti ẹ̀ á dojú kọra nídìí tábìlì, á ní kó o ṣàlàyé, wàá ṣàlàyé, bó o ṣe ń gbádùn ọ̀rọ̀ bọ̀ á já a gbà mọ́ ẹ lẹ́nu, á bi ẹ́ ní nǹkan míì. Àwọn míì máa ń fi "argomento a piacere" bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ìwọ fúnra ẹ ni wàá mú orí ọ̀rọ̀ tó wù ẹ́. Mú èyí tó o lè sọ tí wọ́n bá jí ẹ lóru, kó o sì mọ ibi tí ìbéèrè tó kàn lè gbà yọ, torí ohun tó o bá fẹnu ara ẹ dárúkọ ni wọ́n máa dì mú. 18 ni máàkì àṣeyege, 30 ló parí sí, wọ́n á fi "e lode" lé 30 fún ẹni tó bá ṣe bẹbẹ. Tí wọ́n bá fún ẹ ní 20 tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè sọ pé o ò gbà kó o padà wá lọ́jọ́ míì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ rèé: gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni lè wọlé gbọ́. Lọ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi àwọn tó ṣáájú, kí ìwọ forúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì.

Àjọkẹ́_Kàwé:
Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ti kírẹ́dìtì ni kí n sọ. Kírẹ́dìtì kan ní Ítálì, wákàtí 25 ni wọ́n kà á sí, ẹ ṣírò 30 kẹ́ ẹ wò ó, 750 nìyẹn. Kọ́ọ̀sì tẹ̀yin ará ìtàn máa ń jẹ́ kírẹ́dìtì 6 tàbí 12, oní-6 yìí ò sì ju bíi wákàtí 30 lọ nínú kíláàsì, 120 tó kù, ẹ̀yin àti ìwé yín ni. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn, ẹ máa wo tàìmù-tébù yín kẹ́ ẹ rò pé àyè wà, ẹ tún máa fi kọ́ọ̀sì kan lé e. Tó bá jẹ́ èmi ni, 24 ni màá mú, tí yunifásítì yín bá gbà á ṣá o, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ báyìí kì í ṣe òkúta, wọ́n máa ń gbà kí èèyàn pààrọ̀ ẹ̀ tó bá débẹ̀.

Ẹ wo ìlú tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà pẹ̀lú! Yunifásítì Bologna ní kámpọ́ọ̀sì ní Forlì, Cesena, Ravenna àti Rimini, ẹlòmíì á mú kọ́ọ̀sì tán kó tó rí i pé Ravenna ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ sì yé bínú sí láíbìrì jọ̀ọ́. Archiginnasio tó jẹ́ ilé yunifásítì yẹn láti 1563 títí di 1803, láíbìrì ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Àmì ìdílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kún ògiri ẹ̀ dé òkè àjà, yàrá onípákó tí wọ́n ti ń la òkú láti fi kọ́ ìṣègùn ṣì wà níbẹ̀, bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní 1944 wọ́n sì tún un kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wo ló ń sá fún irú ibẹ̀ yẹn? Ọdún 1088 ni wọ́n kà sí ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì ọ̀hún, nígbà yẹn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́, olùkọ́ tó bá pẹ́ dé, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e. Lónìí kíláàsì aago mẹ́sàn-án, 9:15 ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ́ rí i.

Ará_Bolognina:
Ẹ ń sọ ti ìdánwò, ẹni tí ò ríbi sùn á ṣèdánwò bí? Ilé ni wàhálà Bologna àbúrò mi. September yẹn ni gbogbo ayé ń wọ̀lú, àwọn lanlọ́ọ̀dù sì ń fẹ́ ẹni tó máa gbé ọdún kan gbáko, bí wọ́n bá ti gbọ́ símẹ́sítà kan, ohùn á yí padà. Irú àdéhùn kan wà tí òfin wọn ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, oṣù 6 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni kó o máa béèrè. Má wo àárín ìgboro nìkan, wo Bolognina lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, wo San Donato, lọ títí dé Casalecchio, bọ́ọ̀sì wà.

Ẹni tó bá ní òun wà nílùú òyìnbó míì, kó o kọ́kọ́ sanwó kóun tó fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́, gbájú-ẹ̀ ni, má tiẹ̀ bá a jiyàn. Owó ìdúró tí wọ́n ń pè ní caparra kò gbọ́dọ̀ ju rẹ́ǹtì oṣù 3 lọ. Lanlọ́ọ̀dù tèmi fi ògiri tó ti ń ṣí kí n tó débẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé tèmi, torí náà lọ́jọ́ tó o bá wọlé, ya fọ́tò gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá, dé abẹ́ fèrèsé àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kó o fi íméèlì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ_Ìtàn:
Háà, ẹ ṣé o, mo ti fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe ọmọ EU o, tí físà bá ti wọlé, ṣé ó parí nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Zamboni:
Kò tíì parí. Físà ló máa gbé ẹ wọlé, permesso di soggiorno, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú, ló máa jẹ́ kó o jókòó. Ọjọ́ iṣẹ́ 8 ni wọ́n fún ẹ láti béèrè fún un lẹ́yìn tó o bá dé. Lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ní káńtà tí wọ́n ń pè ní Sportello Amico, gba àpòòwé fọ́ọ̀mù wọn, ra marca da bollo (sítáǹbù ìjọba) 16 yúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìgá, tó o bá ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ á lé ní 100 yúrò. Wọ́n á fún ẹ ní rìsíìtì àti ọjọ́ tí wàá lọ tẹ̀ka ní Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá. Máa mú rìsíìtì yẹn rìn pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, torí o lè padà sílé kí káàdì fúnra ẹ̀ tó jáde. Tí físà bá sì ti tán, má fi rìsíìtì nìkan gbéra lọ sí Faransé tàbí Jámánì o.

Ará_Bolognina:
Ẹ̀gbọ́n gbàgbé codice fiscale, nọ́ńbà owó orí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí lanlọ́ọ̀dù tó máa bá ẹ kọ àdéhùn tòótọ́ láìsí i, tètè gbà á. Tó o bá wá rójú, gba abẹ́ pọ́tíkò, ọ̀nà tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí, gun ṣọ́ọ̀ṣì San Luca lórí òkè lọ, àáṣì 666 ni wọ́n kà sí ọ̀nà yẹn, òjò ò ní kàn ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹni tó bá gun ilé gogoro Asinelli kò ní gboyè, àmọ́ wọ́n ti tì í láti October 2023 nítorí Garisenda ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ń tẹ̀, ìyẹn ò kàn ẹ́. O ò tíì sọ kọ́ọ̀sì tó o fẹ́ mú, ayé àtijọ́ ni àbí ti òde òní?