Omi ti ba sányán màmá mi jẹ́, ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ̀yin ọmọ Olúyọ̀lé, páìpù òkè bẹ́! Tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀dì, àpótí aṣọ, gbogbo ẹ̀ ló rin gbingbin. Àwọn ínṣọ́ránsì ní kí n kọ iye wọn wá. Èló ni kí n kọ sí sányán?

Bọ̀dá Houston: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má tíì da nǹkan kan nù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ná. Ṣé owó tuntun ni wọ́n máa san, iye tí ẹ máa fi ra òmíràn, àbí owó àlòkù, iye tó kù lára ẹ̀ lẹ́yìn ìlò? Tèmi níbí, owó tuntun ni, síbẹ̀ ti àlòkù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ó dìgbà tí mo bá ra òmíràn, tí mo fi rìsíìtì hàn, kí wọ́n tó san ìyókù. Mo ti fi owó àkọ́kọ́ yẹn san owó ilé-ìwé ọmọ! Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Owó tuntun ni tèmi.

Alàgbà Leeds: Ẹ ka ìwé ínṣọ́ránsì yín délẹ̀. Àwọn ìwé kan níbí kì í san owó tuntun fún aṣọ, wọ́n á ní ó ti gbó. Èló lẹ pe gbogbo ẹrù ilé?

Ìyá Ìbejì: £20,000. Kí owó oṣooṣù lè fúyẹ́ ni.

Alàgbà Leeds: Háà! Tí wọ́n bá rí i pé ó tó £40,000, ohun tó bàjẹ́ lè jẹ́ £6,000, kí wọ́n san £3,000.

Àbẹ̀kẹ́ Toronto: Jìbìtì! £6,000 ò kúkú ju £20,000 lọ.

Alàgbà Leeds: Ẹni tó sanwó ààbọ̀ ń retí odindi?

Ọmọ Òkè Àdó, Dublin: Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀, iye tí ilé ẹ̀ máa tà ló kọ sí ínṣọ́ránsì ilé. Ṣé ilẹ̀ máa ń jóná ni? Iye àtúnkọ́ ni wọ́n ń béèrè: kíkó àwókù, ayàwòrán ilé, bíríkìlà.

Àbẹ̀kẹ́ Toronto: Àsanlé ṣì sàn ju ààbọ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì: Sányán ńkọ́?

Ìyá Adé, Mọ́kọlá: Kí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kọ iye tó ń ta tuntun, kó buwọ́ lù ú. Ẹ wá fọ́tò òde tí màmá ti wọ̀ ọ́ mọ́ ọn.

Àbẹ̀kẹ́ Toronto: Àdìrẹ Abẹ́òkúta ì bá má bẹ̀rù omi.

Ọmọ Òkè Àdó, Dublin: Ará Ẹ̀gbá ti wọlé! Ádímíìnì dà?

Ìyá Adé, Mọ́kọlá: Nígbà tí odò Ògùnpa ya wọlé wa ní 1980, ta ló bi wá léèrè iye? Mò ń lọ jẹ àmàlà ní Bódìjà jàre.

Bọ̀dá Houston: Pẹ̀lú gbẹ̀gìrì? Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ o, àárò ilé ti ń sọ mí.

Àbẹ̀kẹ́ Toronto: Àmàlà wà ní Toronto.

Ọmọ Òkè Àdó, Dublin: Èyí tó le bí bíríìkì yẹn?