Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: báwo ni ẹ ṣe ń fara da àìmoore?

Ìbéèrè, láti Múṣín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọdún kẹrin tí mo ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀gísílíárì, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé màmá àgbàlagbà kan wá, tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara wọn. Wákàtí méjì-méjì ni mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí wọn lára. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń pààrọ̀ páńpásì wọn, tí mo sì ń fi ṣíbí bu ògì sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà pá wọn lórí. Ní òru ọjọ́ kan, mo rí i pé gìgísẹ̀ wọn ti ń pọ́n, mo sáré pe nọ́ọ̀sì, wọ́n sì tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ọjọ́ tí màmá ń lọ sílé, àwọn ọmọ wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ìrẹsì, wọ́n sì ní kí n bá àwọn gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Kì í ṣe ìrẹsì ni ó dùn mí. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó béèrè orúkọ mi. Owó oṣù mi kò sì tó 50,000 náírà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní, láti Bàrígà

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ṣe iṣẹ́ yìí títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25, abẹ́ èyí sì ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ń sá sí. Òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta tí ó bá wọṣẹ́. Béèrè tìrẹ.

Ìdáhùn kejì, láti Súrúlérè

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìgbìmọ̀ tí ó ń forúkọ wa sílẹ̀ kò ka ọ̀gísílíárì mọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn onílé ìwòsàn kan a sì máa fi yín dípò wa nítorí owó pọ́ọ́kú, wọn a tún ní kí ẹ gún abẹ́rẹ́ tí ẹ kò kọ́. Ìyẹn ni ó ń dá ìbínú sílẹ̀ láàárín wa, ẹ̀yin sì kọ́ ni ẹ jẹ̀bi rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tèmi, bí a bá fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa ní àárọ̀, olùrànlọ́wọ́ ni mo máa ń ní kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ó wẹ aláìsàn ni ó rí ara rẹ̀. Yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn ni àwọn àgbà wí. Àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ìdáhùn kẹta, láti Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọmọ aláìsàn ni èmi. Ọmọbìnrin kan fá irùngbọ̀n bàbá mi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Mo ń padà lọ síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an. Mo tú àpótí mi, mi ò rí ìwé àdéhùn kankan. Ọjọ́ Ajé ni n óò béèrè.