Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí ẹkún lẹ́yìn ìbímọ: mo ti rí ìrànlọ́wọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo kọ̀wé níjọ́sí pé ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò lè sùn kódà bí òun bá sùn, mo sì ń sunkún láìnídìí.

Ẹni tó ní kí n sọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí mo bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìwé kan tó ní ìbéèrè 10, tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó sì ti wà láti ọdún 1987, lórí bó ṣe rí lára mi láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá. Ìbéèrè kẹwàá ń bèèrè bóyá ó ti wá sí mi lọ́kàn láti ṣe ara mi léṣe. Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Mo fi òtítọ́ dáhùn. Wọn ò bá mi wí. Ọjọ́ náà gan-an ni mo rí dókítà ìlera ọpọlọ.

Mo ń lo oògùn tí kò ní kí n má fọ́mọ lọ́yàn. Ìyá ọkọ mi ń gbé ọmọ lóru kí n lè sùn. (Àgbo tí wọ́n sè, dókítà ní kí n má tíì mu ún.)

Ara ò tíì dá ṣáká. Àmọ́ lánàá, ọmọ tọ̀ sí bàbá rẹ̀ lára, mo sì rẹ́rìn-ín.