Ọ̀rẹ́ mi tún òrùlé ṣe, gbogbo iná mi dàrú. Kí ni kí n kọ́?

Ọmọ Ọ̀jẹ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, Blender, sọ́fítíwíà àwòrán 3D, ni mo ń lò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń ṣe fídíò kékeré kan: agbo ilé lálẹ́, òrùlé páànù, òṣùpá lókè, obìnrin kan ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, iná ààrò ń mọ́ sí i lójú. Òun ló ń kọ́ ilé, èmi ni mo ń to iná. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Bó bá ti tún nǹkan ṣe báyìí, á fi fáìlì tuntun ránṣẹ́, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í to iná látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti sú mi! Wọ́n ní Katana àti Solaris, àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń to iná, làwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe é. Èwo ni kí n kọ́? RAM kọ̀ǹpútà mi 16GB, káàdì àwòrán rẹ̀ 4GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Fi Katana sílẹ̀ ná. Ó dáa o, Sony Pictures Imageworks ló kọ́kọ́ ṣe é fún iṣẹ́ tiwọn kó tó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Foundry, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹnì kan. Inú Houdini, sọ́fítíwíà 3D mìíràn, ni Solaris wà láti ẹ̀dà 18, ọdún 2019. Houdini Apprentice jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, àmì wọn ló máa wà lára àwòrán rẹ, o ò sì gbọdọ̀ fi gbowó.

Ohun tí Solaris dúró lé lórí gan-an ni kó o lọ kọ́: USD, irú fáìlì tó ń jẹ́ kí a pín iṣẹ́ 3D sí ìpele ìpele. Ilé iṣẹ́ fíìmù Pixar ló ṣe é, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ilé á ní fáìlì tirẹ̀, ìṣesí obìnrin yẹn á ní tirẹ̀, iná náà á ní tirẹ̀. Fáìlì kan á wá to gbogbo wọn léra, èyí tó wà lókè ló sì ń borí. Bí fáìlì ilé bá ní òrùlé dúdú, tí tìẹ ní ó pọ́n, pípọ́n la máa rí, bẹ́ẹ̀ o ò fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Bí sọ́fítíwíà rẹ bá gbà kó o fi .usda, fáìlì USD tó ṣeé kà bí ọ̀rọ̀ lásán, pa á mọ́, ṣí i nínú Notepad. Wàá rí i pé kò ju ìlà mélòó kan lọ: `over "Orule"` (ìyẹn, tún Orule tó ti wà ṣe), lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ tó o yàn. Ó tán.

Bí RAM bá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbé ilé wọlé bíi payload (ẹrù tó ṣeé sọ̀ kalẹ̀). O lè yọ ọ́ kúrò nígbà tó o bá ń ṣiṣẹ́ lórí ojú obìnrin náà nìkan.

Màmá Render:
Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọmọ yìí ní fídíò tó fẹ́ parí. Àbúrò mi, dúró sínú Blender. Ṣí fáìlì tuntun fún iná nìkan, lọ sí File, Link, kó o mú collection (àkójọ nǹkan) ilé wọlé láti inú fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ. Ohun tó o bá fẹ́ yí padà lára rẹ̀, Library Override ni, ìyẹn àtúnṣe tí kò kan fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ. Má rò pé wàá kó USD wá sínú Blender kí àwọn ìpele yẹn ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o. Bó bá ti wọlé, Blender ti sọ ọ́ di nǹkan tirẹ̀ nìyẹn.

Èyí tí màá fi ọ̀pá nà ẹ́ tó ò bá ṣe ni light group, ìyẹn kíkó iná sí àwùjọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wà láti Blender 3.2, Cycles, ọ̀kan lára ohun tí Blender fi ń ya àwòrán jáde, nìkan ló sì wà fún. Iná ààrò sínú ọ̀kan, òṣùpá sínú òmíràn, kó o render (ya àwòrán jáde) sí fáìlì EXR. Inú compositor, ibi tá a ti ń tún àwòrán tó ti jáde ṣe, lo ti máa dín òṣùpá kù tàbí kó o fi pupa kún ààrò, láìtún render. Pẹ̀lú iná NEPA tá à ń bá fà á yìí, ṣé o ò rí àǹfààní rẹ̀ ni?

Aláǹtakùn3D:
Ẹ̀yin àgbà, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í: orúkọ wo ni ọ̀rẹ́ rẹ ń pe òrùlé yẹn?

Ọmọ Ọ̀jẹ́:
Ha! Orule, Orule_final, Orule_final2… 😂

Aláǹtakùn3D:
Mo mọ̀! Àtúnṣe tó o ṣe nínú USD, orí ọ̀nà orúkọ ló so mọ́. Bí /Agboile/Orule bá di /Agboile/Orule_final2, `over` tìẹ ò rí ẹni bá mọ́. Kò ní pariwo, kò ní fi àmì pupa hàn ẹ́, páànù kàn máa padà sí àwọ̀ àtijọ́ ni. Link ti Blender náà, orúkọ ló fi ń wá nǹkan. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fẹnu kò lórí orúkọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ sọ́fítíwíà kankan. Nọ́ńbà ẹ̀dà ò gbọdọ̀ sí lára orúkọ nǹkan tó wà nínú scene.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Mo gbà. Òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ.

Ọmọ Ọ̀jẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ọ̀kan: ojú obìnrin náà ò hàn. Bí mo bá fi agbára kún iná, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun báláú, ojú á ṣì ṣú.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Awọ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà, ògiri ló máa ń ṣáájú rẹ̀ mọ́ títí láé. Dídán ara ló ń fi ojú wa hàn. Gbé area light (iná pẹlẹbẹ) tó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má fún un lágbára jù, máa yí i títí dídán rẹ̀ á fi jókòó sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Láti Blender 4.0, light linking á jẹ́ kó o yọ ògiri kúrò lára ohun tí iná náà ń kàn. Kó o tún wo roughness (ìwọ̀n àìdán) awọ náà. Ẹni tó jókòó ti agbada àkàrà ń làágùn. Bí roughness bá ga jù, ojú á gbẹ bí èédú.

Ọmọ Ọ̀jẹ́:
Iná ààrò yẹn wá ńkọ́? Ṣé kí mesh rẹ̀ (ara tí mo mọ fún un) fúnra rẹ̀ máa tàn ni, àbí kí n fi point light (iná tó ń tàn láti ojú kan) síbẹ̀?

Màmá Render:
Méjèèjì. Mesh fún ohun tí kámẹ́rà máa rí, kó má tàn jù. Point light ni kó máa mọ́ sí i lójú. Bó o bá fi gbogbo rẹ̀ lé mesh kékeré lọ́wọ́, noise (àmì wínníwínní lára àwòrán) ni wàá máa bá jà. Light group kan náà ni kó o kó wọn sí o.